Mo fẹ́ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sábẹ́ Bẹ́ńsì bàbá mi (W123, ọdún 1983). Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ mi dé ìdí, ẹ ṣáà fara balẹ̀.

Bẹ́ńsì 200 kan ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. W123 ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, 1983 ni wọ́n ṣe é, oníkábúrétọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dúró sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsọ̀kun, tí adìẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó ẹ̀yìn. A ti jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì dáhùn. Ara rẹ̀ kò jẹrà púpọ̀, àfi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjì àti ojú ihò tí jáàkì ń wọ̀.

Ìdí rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Tí mo bá gbé màmá mi àti àpò iṣu mẹ́ta láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ìdí ọkọ̀ á wọlẹ̀ bí adìẹ tó ń sàba. Gbogbo òkè tí àwọn ará àdúgbò fi símẹ́ńtì mọ sójú títì ni sáléńsà máa ń ha. Mo wá rí fídíò àwọn kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n yọ sípíríǹgì kúrò lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, tí wọ́n fi rọ́bà tó ń gba afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ dìde. Wọ́n tún un tẹ̀, ọkọ̀ dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó rí Ọwá, ọba wa. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́. Mo tún fẹ́ éésì tó ń tutù, iná iwájú tó mọ́lẹ̀, rédíò tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ọdún Ìwúdè ìlú wa tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ fi gbé e jáde.

Ta ló ti ṣe é rí níbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n tà á kí n ra Corolla.

Jagun Spánà, Ilé-Ifẹ̀

Tà á, kí o ra Corolla.

Jagun Spánà, Ilé-Ifẹ̀

Mo bá ọ ṣeré ni o, ọ̀rẹ́. Má bínú. W123 tí adìẹ kò bàjẹ́, èèyàn ò gbọdọ̀ tà á. Ṣùgbọ́n rọ́bà afẹ́fẹ́ wo lò ń sọ gan-an? Torí bí o bá dé ọjà tí o ní air bag lò ń wá, èyí tó ń bẹ́ jáde nínú sítíárì nígbà ìjàǹbá ni wọ́n máa kó fún ọ.

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Èyí tó ń gbé ọkọ̀ ró dípò sípíríǹgì ni, ẹ̀gbọ́n.

Bàbá Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò, o kú ìtọ́jú ohun bàbá. Mo ti ń wọ abẹ́ Bẹ́ńsì kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Afẹ́fẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe àrà àná. Àwọn ará Jámánì tó ṣe ọkọ̀ rẹ yìí ti fi sábẹ́ 300 SE wọn láti 1961, wọ́n fi sábẹ́ 600 ńlá ti 1963, wọ́n tún fi sábẹ́ 300 SEL 6.3 tó jáde ní 1968. Àwọn Faransé ti ṣáájú wọn: Citroën DS ti 1955 ń fi epo àti gáàsì gbéra sókè, ó sì ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan W123, tí wọ́n ṣe láti 1976 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1986, sípíríǹgì irin ni wọ́n gbà pé ó tó. Wáágọ̀nù rẹ̀ ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ olómi tó ń gbé ìdí ọkọ̀ ga tí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn. Ó túmọ̀ sí pé àwọn náà mọ ohun tí iṣu ń ṣe fún ìdí ọkọ̀.

Ìbéèrè mi ni pé: ta ló sọ fún ọ pé sípíríǹgì ló yẹ kó kúrò? Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, o ò mọ ohun tó ń ṣe é, o ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó ẹrù inú búùtù kúrò. Mú tépù, wọn láti àárín táyà ẹ̀yìn sí etí páńẹ̀lì tó wà lókè rẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Padà wá sọ ohun tí o rí fún wa.

Tún wo táyà méjèèjì láti ẹ̀yìn. Bí ìdí irú ọkọ̀ yìí bá ti wọlẹ̀ jù, orí táyà á fì sínú, ìsàlẹ̀ á yà síta bí ẹni tó ní K-leg, inú táyà á sì máa jẹ tán kí ìta tó jẹ. Bí o bá rí èyí, má tíì náwó sí táyà.

Pijó Ìmọ̀, Iléṣà

Ẹ dákun, mo fẹ́ yà díẹ̀. Ṣé wọ́n lè fi irú rọ́bà yìí sí Pijó 504? Saloon ni tèmi, Kaduna ni wọ́n ti tò ó.

Ọmọ Tírélà, Òṣú

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ máa fojú rẹ rí màbo. Lábẹ́ 504, ṣọ́ọ̀kì iwájú àti sípíríǹgì jọ wà lójú kan náà ni, òpó kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì. Rọ́bà tó o máa fi sí i gbọ́dọ̀ yí òpó yẹn ká, wọn kì í sì í sábà tà á fún Pijó. Bẹ́ńsì yìí yàtọ̀: sípíríǹgì jókòó lọ́tọ̀, ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́tọ̀, níwájú àti lẹ́yìn. O yọ ọ̀kan, ìkejì ò mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn òyìnbó inú fídíò fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn kí o fọwọ́ kan 504 rẹ. Ohun tó rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, kí ló tún fẹ́ rọ̀ sí?

Ní ti ẹni tó ni ìbéèrè: abẹ́ tírélà ni mo ti kọ́ṣẹ́, afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ wa. Jẹ́ kí n to iṣẹ́ náà fún ọ bó ṣe rí, kí fídíò má baà tàn ọ́. Wàá ní rọ́bà mẹ́rin, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ oníná kan tàbí méjì, táńkì (ti lítà 19 ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn), ọ̀pá ike tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, fáàfù tó ń jẹ́ kó wọlé tó sì ń tú u jáde, àti géèjì. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń kún táńkì, táńkì ló ń bọ́ rọ́bà, torí náà ọkọ̀ á dìde kíá láì dúró de ẹ̀rọ. Ohun èlò kékeré kan wà tó ń mọ ìgbà tí táńkì kún, òun ló máa pa ẹ̀rọ, òun náà ló máa tàn án padà tó bá lọ sílẹ̀.

Bí o bá fẹ́ ṣe é, bọ́tìnnì lásán ni kí o lò, tí fáàfù kọ̀ọ̀kan dá dúró. Èyí tó ní kọ̀ǹpútà tó ń wọn gíga ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dára gan-an, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá ṣìwèrè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà lálẹ́, ta lo máa pè? Fáàfù lásán, èmi àti ìwọ lè fi spánà àti tépù tún un ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà rọ́bà tírélà fún ọ torí pé ó pọ̀ nílẹ̀. Tọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣe é fún. Ọkọ̀ rẹ kò ju nǹkan bíi 1,400 kílò lọ lófìfo, ṣe lá máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pá ike, fi abẹ tó mú gé e gbọnrangandan. Èyí tí wọ́n fi páyà gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà jò. Fi fóòmù ọṣẹ pa gbogbo oríkèé, ibi tó bá ń hó ni olè wà. Lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, ṣí ìsàlẹ̀ táńkì kí omi jáde. Ní ìlú tí òjò ń rọ̀ bíi ti wa yìí, omi inú afẹ́fẹ́ kì í ṣe kékeré, yóò sì mú kí táńkì irin dípẹtà láti inú.

Kò sí ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn bí èyí: MÁ WỌ ABẸ́ ỌKỌ̀ TÓ JẸ́ AFẸ́FẸ́ NÌKAN LÓ GBÉ E DÚRÓ. Tàbí èyí tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Fi irin tó dúró ṣinṣin tì í lábẹ́. Oríkèé kan bá yọ, kò ní dágbére fún ọ.

Jíìpù Kọ́ Mi, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ tèmi. Jíìpù tokunbo kan ni mo rà, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣe abẹ́ rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, mo ń yan bí ọba. Nígbà tó yá, tí mo bá jí láàárọ̀, mà á bá a tó fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn. Mà á tan iná, á dìde. Mo ní kò burú. Èmi ò mọ̀ pé rọ́bà ti sán níbi tó ti ń ṣẹ́po, pé afẹ́fẹ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán-gangan àti ọ̀gànjọ́ òru láti fi kún ohun tó ń jò. Ẹ̀rọ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì kó sinmi ti di ọmọ-ọ̀dọ̀ tí kì í sùn. Ó jóná. Ẹni tó bá mi tún un ṣe pààrọ̀ ẹ̀rọ, kò pààrọ̀ rọ́bà. Ẹ̀rọ kejì náà jóná.

Sípíríǹgì irin ló wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Ó ń ta èèyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń sùn dáadáa.

Mi ò ní kí o má ṣe é o. Bó o bá rí i tó fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn láàárọ̀, rọ́bà ni kí o kọ́kọ́ wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ wálẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́, fọkàn balẹ̀, òtútù ló jẹ́ kí afẹ́fẹ́ súnkì.

Rẹ́wáyà Òkèsà, Iléṣà

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ rọ́bà, kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí iná ti máa wá. Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná roko. Ẹ má ti ìdí báátìrì múná wọ búùtù bẹ́ẹ̀ o!

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Alternator tó wà lára ọ̀pọ̀ W123, ampere 55 ni. Kì í sì í mú 55 yẹn wá pé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan nínú go-slow Ẹrẹ́jà. Iná iwájú méjì, wáàtì 55 lọ́kọ̀ọ̀kan, ti jẹ nǹkan bí ampere 9. Fáànù éésì ń jẹ tirẹ̀, wápà ń jẹ tirẹ̀, plọ́ọ̀gì ń jẹ tirẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kan ṣoṣo lè fa 15 sí 25. Tó o bá wá fi méjì sí i, tó jẹ́ alẹ́, tí òjò ń rọ̀, báátìrì ni yóò máa san gbèsè. Torí náà kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kan tó fún ọ. Wáyà tó nípọn ni kó ti báátìrì lọ bá a, fúùsì tirẹ̀ nìkan, kí fúùsì yẹn sì sún mọ́ báátìrì, kì í ṣe inú búùtù. Ìdí rẹ̀ ni pé bí wáyà bá bó láàárín ọ̀nà, tó kan irin, fúùsì tó wà lẹ́yìn ibi tó bó kò lè gbà ọ́ sílẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tó fi báyìí jóná rí, ẹni tó ṣe wáyà náà sì ní ayé ló ṣe é.

Kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn, ṣí àpótí fúùsì rẹ. Àwọn fúùsì olórí ṣóńṣó yẹn, funfun jẹ́ ampere 8, pupa jẹ́ 16. Èyí tí irin rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù máa ń hu funfun lẹ́nu, iná á wá máa ṣe ségesège, ẹ ó sì máa bú rédíò tí kò ṣẹ̀. Ra onídẹ, fi sáńpépà gbo ẹnu tó ń dì í mú. Ìdajì ẹ̀sùn iná tí wọ́n ń gbé wá fún mi lórí W123, ibẹ̀ ló ń parí sí.

Jagun Spánà, Ilé-Ifẹ̀

Nígbà tó ti kan ọ̀rọ̀ iná: yọ kọ́ńtáàtì inú distributor (ohun tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì), fi oní-electronic sí i. Ọkọ̀ á máa jí lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀.

Bàbá Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Jagun, o ti sáré ju ọfà lọ. Ti 1983 ló ní o. Ẹ́ńjìnnì M102 ni wọ́n fi sínú 200 láti 1980, kò ní kọ́ńtáàtì mọ́ rárá. Ẹ́ńjìnnì ti àtẹ̀yìnwá ló nílò ohun tí ò ń sọ. Ẹ máa bèèrè irú ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó máa rán èèyàn lọ sí Aráròmí n'Íbàdàn lọ ra ohun tí kò ní ibi tó máa fi sí.

Jagun Spánà, Ilé-Ifẹ̀

Mo túúbá, Bàbá.

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti wọ̀n ọ́n. Bàbá, apá òsì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ìka méjì kéré sí apá ọ̀tún. Táyà òsì ló fì sínú jù. Ṣé torí pé ẹni tó ń wakọ̀ ń jókòó sí òsì ni?

Bàbá Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Bàbá rẹ tóbi tó bẹ́ẹ̀? Rárá. Nígbà tí ọ̀tún àti òsì ò bá dọ́gba báyìí, ohun mẹ́ta ni mo máa ń fojú wá. Ọ̀kan, sípíríǹgì tó ṣẹ́: ìsàlẹ̀ gan-an níbi tó jókòó sí ló máa ń ṣẹ́ sí, ẹrẹ̀ á bò ó, o ò ní rí i àfi tí o bá fọ abẹ́ rẹ̀. Èkejì, rọ́bà tó wà lórí sípíríǹgì. Oríṣiríṣi nípọn ni wọ́n ṣe é, o lè ka àmì róbótó tó wà létí rẹ̀, ọ̀kan sí mẹ́rin. Bí ẹnì kan bá ti pààrọ̀ ọ̀kan rí tó sì fi onípele mìíràn sí i, ọkọ̀ á fì. Ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀ṣì apá tó di táyà ẹ̀yìn mú, àti rọ́bà ńlá tó so gbogbo ìdí mọ́ ara ọkọ̀.

Fọ abẹ́ rẹ̀. Tún wo ọ̀pá rọ́bà bíréèkì mẹ́rin nígbà tó o bá wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń wú láti inú, o ò ní rí nǹkan kan níta, ṣùgbọ́n bíréèkì á dì mọ́ táyà, kò ní tú u sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ti sùn fún ọdún mẹ́sàn-án, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti rẹ ti wú. Dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọkọ̀ yẹn gbé kúrò ní Jámánì, o ò nílò láti ra bíréèkì ìgbàlódé kankan. Kí èyí tó o ní ṣáà ti ṣiṣẹ́, ó tó.

Ìyá Ìbejì, Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Èmi náà ní W123, òun ni mo ń wà lọ síbi iṣẹ́ ní OAU lójoojúmọ́, òun náà ló ń kó gbogbo ẹrù àríyá ẹbí. Àbúrò mi, ohun tó o fẹ́ ti wà lábẹ́ tèmi láti ọdún mẹ́ta, kò sì ní bọ́tìnnì kankan.

Rọ́bà kan wà tí wọ́n ṣe bí àgolo mílíìkì gígùn. Inú sípíríǹgì ẹ̀yìn ló ń wọ̀, o ò ní yọ sípíríǹgì dànù. Ọ̀pá ike tínínrín kan ti ara rẹ̀ jáde wá sí ẹ̀yìn bọ́ńpà, fáàfù bíi ti táyà ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹrù bá fẹ́ pọ̀, mo fẹ́ ẹ. Ẹrù kúrò, mo dín in kù. Kò sí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, kò sí táńkì, kò sí wáyà tó máa jó. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi rúlà wọn fífẹ̀ inú sípíríǹgì, mo sì ra èyí tó bá a mu. Torí pé ṣọ́ọ̀kì Bẹ́ńsì ò sí nínú sípíríǹgì, ààyè wà fún un níbẹ̀.

Tèmi kò gbọdọ̀ ju psi 35 lọ (psi ni géèjì fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 5 lọ, kódà bí ọkọ̀ bá ṣófo, torí tó bá rọ pátápátá sípíríǹgì á fún un jẹ. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe kọ́ ọgbọ́n yẹn. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá fọkanáísà kan, mo ní kó bá mi fẹ́ táyà àti nǹkan méjì tó wà lẹ́yìn yìí. Fóònù mi dún, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ rí fáàfù, ó ní táyà ni, ó ń tì í, kò rí i kó wú, ó tún ń tì í. Ohun tí mo gbọ́ ni GBÒÀ! Gbogbo ọjà dọ̀bálẹ̀. Ìyá elépo tó wà níwájú wa ní, "Ẹ̀yin Bẹ́ńsì, ẹ̀yin náà ń fọ́ táyà?" Láti ìgbà náà, mo fi kún un lára: mo lẹ tépù pupa mọ́ ẹnu fáàfù, mo kọ 20 sí i gàdàgbà.

Ohun kan tún wà. Wọ́n máa ń fi oríta kan so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì kí fáàfù lè jẹ́ ẹyọ kan. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Tó o bá yí kọ́nà, afẹ́fẹ́ á sá láti ẹ̀gbẹ́ tó ń gbé ẹrù lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọkọ̀ á fì sí i. Fáàfù méjì. Kí ọ̀pá ike sì jìnnà sí sáléńsà.

Ọmọ Tírélà, Òṣú

Màmá, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ. Àbúrò, bó bá jẹ́ ẹrù iṣu ló ń dà ọ́ láàmú, ti Ìyá Ìbejì tó. Bó bá jẹ́ kí ọkọ̀ dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn èèyàn lọ́jọ́ Ìwúdè, ìyẹn ni tèmi. Sọ òótọ́ fún wa, èwo ni?

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Méjèèjì ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n màmá mi kì í wo fídíò.

Pijó Ìmọ̀, Iléṣà

Èmi ò fara mọ́ gbogbo èyí. Ohun tí bàbá ẹni bá fi sílẹ̀, ṣe la máa ń tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà. Lónìí rọ́bà, lọ́la ẹ́ńjìnnì Toyota, lọ́tùnla ẹ ó gé òrùlé rẹ̀.

Bàbá Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Ọkọ̀ kì í ṣe ère inú ojúbọ, Pijó. Bàbá rẹ̀ náà ìbá fi éésì tó tutù sí i ká ní ó rí i. Ohun tí mo kórìíra ni wẹ́dà. Ohun tó o bá fi bóòtù dì, ọmọ rẹ lè tú u. Ohun tó o bá gé, ó ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi rọ́bà odidi rọ́pò sípíríǹgì, àwo irin ni kí wọ́n ṣe tó máa jókòó sí ojú ibi tí sípíríǹgì ń jókòó sí, kí wọ́n má gé apá, kí wọ́n má lẹ nǹkan mọ́ ọn. Apá yẹn ló di táyà mú. Sípíríǹgì àtijọ́, fi gírísì pa á, wé e, kọ ọ̀tún àti òsì sí i, gbé e sókè àjà.

Ẹ tún mọ̀ pé rọ́bà afẹ́fẹ́ kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Ó ń gbé ọkọ̀ ró ni, kò lè dá fífò rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá fi rọ́bà tuntun sórí ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, ọkọ̀ rẹ̀ á máa jó bàtá. Gíga kan ṣoṣo ni kí o sì máa fi rìn, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti ṣe alignment rẹ̀. Dídìde àti dídọ̀bálẹ̀, ìgbà tó bá dúró ni.

Jagun Spánà, Ilé-Ifẹ̀

Kí n tún orúkọ mi ṣe: ọ̀rọ̀ éésì. R12 ni gáàsì tí wọ́n fi ṣe éésì ọkọ̀ yẹn, àdéhùn Montreal ti 1987 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kúrò nílẹ̀ torí ó ń ba ojú òfuurufú jẹ́. R134a ni wọ́n máa fẹ́ fún ọ. Ó máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n kàn fẹ́ ẹ lé ohun àtijọ́ lórí. Òróró tó wà nínú ẹ̀rọ fún R12 kì í bá R134a rìn, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ éésì á wá máa ṣiṣẹ́ lẹ́nu gbígbẹ títí yóò fi gan. Kí wọ́n fọ inú rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ òróró, rọ́bà róbótó ojú oríkèé gbogbo, àti àgolo tó ń fa omi inú gáàsì. Gáàsì tuntun náà kì í tó iye ti àtijọ́, ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá ń kún un títí tí ọ̀pá fi gbóná kò mọ ohun tó ń ṣe.

Iná iwájú: má fi gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú sínú dígí H4. Dígí yẹn, wọ́n ṣe é fún wáyà gílóòbù tó wà ní ojú kan pàtó. Ìmọ́lẹ̀ LED á fọ́n káàkiri, ojú ẹni tó ń bọ̀ láti Ifẹ̀ á fọ́, òun náà á tan full fún ọ, ẹ̀yin méjèèjì á wá máa fi àdúrà wakọ̀. Gílóòbù H4 gidi, kí Rẹ́wáyà fi relay (ohun tó ń jẹ́ kí bọ́tìnnì kékeré tan iná ńlá) bá ọ fa iná tààrà láti báátìrì wá, o ó rí i pé ó mọ́lẹ̀ ju bó o ṣe rò lọ.

Rẹ́wáyà Òkèsà, Iléṣà

Jagun sọ òótọ́ lórí iná. Rédíò, má yọ ti àtijọ́. Wọ́n lè fi Bluetooth kékeré sí i láti inú.

Táyà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀ lẹ́yìn DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọkọ̀ tó sùn fún ọdún mẹ́sàn-án, mo mọ ohun tó o máa kà níbẹ̀. Má gbé màmá rẹ lé e lórí.

Jíìpù Kọ́ Mi, Ilé-Ifẹ̀

Ẹnì kan ń ta odidi ohun èlò rẹ̀ lórí ayélujára, ó ní èèyàn lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Ọmọ Tírélà, Òṣú

Iléṣà lo fẹ́ ti jẹ gbèsè? Òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ títí di ọjọ́ Ìwúdè.

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Mo ti padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

A fọ abẹ́ rẹ̀. Bàbá Lágere, ẹ kò sí níbẹ̀ ẹ sì ti rí i: sípíríǹgì ẹ̀yìn lápá òsì ti ṣẹ́ ní ìsàlẹ̀, èyí tó ṣẹ́ náà ṣì jókòó sínú àwo rẹ̀, nǹkan bí gígùn ìka. Rọ́bà orí rẹ̀ lápá òsì ní àmì kan, ti ọ̀tún ní mẹ́ta. Mo bi màmá mi, ó ní lóòótọ́ ni bàbá mi gbé e lọ fún ẹnì kan lọ́dún kan, tó sì bínú fún oṣù méjì gbáko lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pá rọ́bà bíréèkì, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni afẹ́fẹ́ gbà kọjá nígbà tí a fẹnu fẹ́ ẹ. Ọ̀kan péré!

Mo ra sípíríǹgì méjì, rọ́bà orí rẹ̀ méjì tó dọ́gba, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjì, ọ̀pá bíréèkì mẹ́rin àti táyà. Owó rọ́bà odidi ti lọ síbẹ̀. Mo fi ti Ìyá Ìbejì sínú sípíríǹgì, fáàfù méjì, mo lẹ tépù pupa mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá a gbé àpò iṣu márùn-ún láti Ìpetu, mo fẹ́ ẹ sí 25, sáléńsà kò ha nǹkan kan títí a fi dé Ìsọ̀kun. Màmá mi ní, "Ọkọ̀ bàbá rẹ ti ń dìde bí ìgbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́." N kò sọ fún un pé fọkanáísà ló fẹ́ ẹ.

Dídọ̀bálẹ̀ ní Ìwúdè, mo ṣì ń gbèrò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Tírélà, mo ti ra táńkì sílẹ̀.

Bàbá Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Sípíríǹgì tó ṣẹ́ yẹn, má sọ ọ́ nù. Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi.

Ọmọ Tírélà, Òṣú

Táńkì irin ni àbí alumíníọ́ọ̀mù? Ya fọ́tò ìdí rẹ̀ kí n wo ibi tí omi ti máa jáde.

Jagun Spánà, Ilé-Ifẹ̀

Iṣu mélòó ló kù?